Dífáídà yín lọ́, ẹ ń bú káfíńtà

Tí ọyẹ́ bá ti mú l'Ákùrẹ́, ẹjọ́ kan náà ló máa ń kún orí Facebook: “Káfíńtà ti jẹ owó mi, ẹ wo bí dífáídà mi ṣe rí!” Àwòrán á tẹ̀ lé e: àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò nàró láti ilẹ̀ dé òkè àjà, láàárín pálọ̀ àti ibi ìjẹun, ọ̀kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, èkejì tẹ̀ sósì. Àwọn èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ èpè. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìgbà tí wọ́n la igi yẹn.

Igi tútù ni! Ṣọ́ọ̀mìlì là á lọ́sẹ̀ yìí, oníbàárà sì fẹ́ kó dúró ní pálọ̀ kí Kérésì tó dé. Bí omi inú igi bá ṣe ń gbẹ, ìbú rẹ̀ á máa sún kì, ẹ̀gbẹ́ kan á gbẹ ṣáájú èkejì, bí iṣan rẹ̀ kò bá sì lọ tààrà, yóò lọ́. Tí wọ́n bá ti fi ìṣó dè é nílẹ̀ àti lókè, àárín ni yóò ti yọ ikùn.

Kí igi tó di dífáídà, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, torí oòrùn á gbẹ ara rẹ̀ kí inú tó gbẹ, yóò sì sán. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ tó nípọn bákan náà sáàárín ìtò kan sí èkejì ní fítì méjì-méjì, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹ kun orí àti ìdí igi lọ́dà, ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń là. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tí ojú ọjọ́ yẹn lè gbẹ ẹ dé. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró lásìkò òjò ṣì máa tún dín kù nínú ọyẹ́. Igi tú-báì-tú (íǹṣì méjì sí méjì) máa ń gba oṣù púpọ̀ kó tó gbẹ.

Ikán kì í sábà ráyè ìrókò àti tíìkì, àmọ́ pupa àárín igi ni mò ń wí o, kì í ṣe funfun etí rẹ̀. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀. Oògùn ni kó kọ́kọ́ mu kó tó rí ọ̀dà. Ní ti MDF, pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí omi mọ́ọ̀pù bá ti ń wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wíwú ló kù.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n àlàfo. Àyè fítì 6 jẹ́ íǹṣì 72. Igi 17 tó ṣì pé íǹṣì 2 lẹ́yìn fífá (ọ̀pọ̀ kì í pé mọ́, ẹ wọ̀n ọ́n) gba íǹṣì 34. Ó ku 38. Ẹ pín in sí àlàfo 18, ọ̀kọ̀ọ̀kan á lé díẹ̀ ní íǹṣì 2. Ẹ gé pílááwúdù kan sí ìwọ̀n yẹn, òun ni kí ẹ máa fi sáàárín bí ẹ ṣe ń tò ó. Tí ọmọdé bá wà nílé, kí àlàfo má dé íǹṣì 4, kí orí má bàa há síbẹ̀. Atẹ́gùn á ṣì máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí kò bá síná.

Àjà PVC, ìyẹn àjà oníke, kò lè mú síkúrù dúró. Igi tó wà lókè rẹ̀ ni kí wọ́n wá kàn. Kí orí igi kọ̀ọ̀kan wọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un, kó ráyè mí, kí ìdí rẹ̀ má sì fara kan táìlì. Ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí wọ́n kùn ní fáníìṣì kí wọ́n tó tò ó.

Owó ló wá kù. Káfíńtà tó bá ní kí oníbàárà dúró de igi kó gbẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó máa parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ni oníbàárà náà ń lọ. Ṣé kó fi owó ara rẹ̀ ra igi pamọ́ láti oṣù kẹta, nígbà tí kò tíì rí ẹni tó máa gbé iṣẹ́ wá? Àbí kí ẹ san owó igi sílẹ̀, kí ẹ sì dúró tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì kan ìṣó kan fún yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń bú wọn, èwo lẹ máa gbà nínú méjèèjì?