Ẹ gbà mí o, RAM kọ̀ǹpútà mi ń jò

Ewé_Tútù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. RAM 8GB ni kọ̀ǹpútà mi ní, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Tí mo bá ṣí browser láàárọ̀, Task Manager á ní 900MB ló jẹ. Tab mẹ́fà péré, mi ò sì fi ìkankan kún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di 5GB, màúsì á wá máa wọ́ bí ìgbín. Ṣé kí n ra RAM sí i ni?

Ọmọ_Òru: Ó ń jò kẹ̀? Gbé garawa sábẹ́ ẹ̀ 😂

Ìyá Ìbejì: Fáírọ́ọ̀sì ni.

Atúnrọ̀ṣe: Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Nǹkan kan nínú browser yẹn ń yá RAM, tó bá lò ó tán kì í dá a padà. Tó o bá ra 16GB, á jẹ ìyẹn náà, á kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Chrome, tẹ Shift+Esc, wàá rí iye tí tab àti extension (ètò kékeré téèyàn fi kún browser) kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ti Firefox, kọ about:processes síbi àdírẹ́sì. Èyí tó bá ń wú tí kì í wálẹ̀, òun ni.

Tẹ́ńté: Ra RAM.

Ìyá Ìbejì: Mo ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Gbádéro: Kí ni gbogbo atótónu yìí? Ẹ máa pa á lálẹ́, kẹ́ ẹ tàn án láàárọ̀. 4GB ni tèmi, kò jò rí.

Atúnrọ̀ṣe: @Gbádéro, tó bá jẹ́ browser, o ò tiẹ̀ nílò kó o pa kọ̀ǹpútà, tó o bá ti pa browser, RAM ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ driver, ètò tó ń bá Windows darí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ló ń jò ńkọ́? O ò mọ̀ pé láti Windows 8 ni Fast Startup ti wà? Shut down á kó kernel, ọkàn Windows tí driver wà nínú ẹ̀, pa mọ́ sínú dísìkì, á tún gbé e jáde láàárọ̀ bó ṣe wà. Restart nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Gbádéro: "O ò mọ̀"? Ta lò ń pè ní "o"? Èmi tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà látìgbà Windows 95!

Ọmọ_Òru: Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Windows 95 o.

Atúnrọ̀ṣe: Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kẹ́ ẹ wo Up time, iye àkókò tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn.

Gbádéro: 23:04:11:52. Wákàtí 23. Kò tíì pé ọjọ́ kan. Inú ẹ dùn báyìí?

Atúnrọ̀ṣe: Ọjọ́ ni 23 yẹn, sà. Wákàtí ni 04.

Gbádéro: Irọ́ ni! Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á lánàá.

Ọmọ_Òru: Bàbá pa á, kò kú 😂😂

Gbádéro: Ta ni bàbá ẹ?

Adékànḿbí_Mac: Mac kì í ṣe irú eléyìí.

Ṣókí: Kí ni wọ́n wá ṣe Activity Monitor, Task Manager ti Mac, fún? Ẹ̀yin náà, kì í ṣe gbogbo RAM tó kún ló ń jò o. Windows máa ń fi èyí tó ṣófo ṣe Cached, ìyẹn ni pé á kó ohun tẹ́ ẹ lè tún lò sínú ẹ̀, á sì yọ̀ǹda ẹ̀ tí app bá bèèrè.

Ewé_Tútù: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ńkọ́? Mo ti tẹ Shift+Esc. Extension tó ń sọ ojú ìwé di dúdú ló wà lókè, 2.9GB. Ṣé kí n yọ ọ́?

Ìyá Ìbejì: FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ NI!!!

Tẹ́ńté: Mo ti wí. Ra RAM.

Gbádéro: Mo ti pa á, mo tún ti tàn án. 23 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹ̀rọ yẹn ń purọ́?