Àtúnṣe: Bí àlejò ṣe ń pọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ń tán

Wọ́n ń pín in kiri pé bí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè bá ti wọ̀lú, iṣẹ́ onílé bọ́ nìyẹn. Irọ́ ni. Ní 1980, nǹkan bí 125,000 ará Kúbà wọkọ̀ ojú omi láti Mariel, èbúté kan ní Kúbà, lọ sí Florida ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìlú Miami níbẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. David Card, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, yẹ̀ ẹ́ wò: àìríṣẹ́ṣe àwọn tó ti wà níbẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i. Àlejò ń jẹun, ó ń háyà ilé, ó ń ra bàtà. Oníbàárà tó bá pọ̀ ló ń mú kí olókòwò gba èèyàn kún èèyàn. Lóòótọ́, George Borjas, onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, ta ko Card lórí owó iṣẹ́ àwọn tí kò parí girama, àríyànjiyàn ọ̀hún ò sì tíì tán.