Àtúnṣe: Oyè àkọ́kọ́ nínú sáíkọ́lọ́jì kò sọ èèyàn di olùtọ́jú aláìsàn

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa èrò inú àti ìwà èèyàn, ní yunifásítì kò ní fojú kan ìṣirò, àti pé tó bá ti gboyè báyìí, ó lè máa tọ́jú àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti 1879 tí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Wilhelm Wundt ti dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń lo ìdánwò àti wíwọn nǹkan. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá oorun ló jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí ìwé, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, láìṣírò?

Ti ìtọ́jú ló ká mi lára jù, nítorí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀. Ìpìlẹ̀ ni oyè àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn ṣì máa kàwé sí i, á sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó.

Ẹ wo àwọn kọ́ọ̀sì ọdọọdún lórí ìkànnì yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́ náà. Ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí yín kò ní in lérò láti ṣini lọ́nà; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí òun náà.