Bátìrì wákàtí 11 di ti wákàtí méjì, Windows ni mo gbé sí i o!

Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù yìí ti sú mi pátápátá. MacBook Pro 16-inch ti 2019 ni mò ń lò, bátìrì ẹ̀ jẹ́ 100 watt-hour, wọ́n ní téèyàn bá ń fi wo íntánẹ́ẹ̀tì ó lè tó wákàtí 11, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, tí mo bá wà lórí macOS, ètò Apple tó bá a wá, ó máa ń gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwìà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ni mo bá fi Boot Camp, ohun tí Apple ṣe fún gbígbé Windows sórí Mac, gbé Windows sí i, ọjọ́ yẹn ni wàhálà wọlé. Wákàtí méjì! Wákàtí méjì péré ó ti kú. Kì í sì í ṣe pé mò ń gbá gẹ́ẹ̀mù o, lẹ́tà ni mò ń tẹ̀.

Lánàá báyìí, mo yọ ṣájà ní 100%, mi ò tíì tẹ ojú ìwé mẹ́ta tán tó fi bọ́ sí 61, fáànù ń kùn wùùùù bíi pé nǹkan náà fẹ́ gbéra fò. Mo fọwọ́ kan irin òkè kíbọ́ọ̀dù, níbi tó sún mọ́ screen yẹn, kíá ni mo fa ọwọ́ mi padà. Ẹ̀ẹ́ ti rí? Torí lẹ́tà!

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé káàdì graphics méjì, tó ń gbé àwòrán sójú screen, ló wà nínú ẹ̀, kékeré ti Intel tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, àti ńlá ti AMD Radeon Pro tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ tó le. Lórí macOS wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ ìgbà tí ọ̀kan sinmi. Àmọ́ gbàrà tí ẹ̀rọ náà bá ti rí i pé kì í ṣe macOS ló ń bọ̀, ńṣe ló máa pa Intel yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wo abẹ́ Display adapters, AMD nìkan ló jókòó síbẹ̀ bí ọba. Èyí tí mo sanwó ẹ̀ dà? Wọ́n gbé e pamọ́ fún mi nínú láptọ́ọ̀pù ara mi, wọ́n wá ní kí n máa fi àdá gé èékánná.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ṣebí graphics á dáa nígbà náà jàre. Driver, ìyẹn sọ́fítíwìà tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì náà, èyí tó bá Boot Camp wá ti gbó, gẹ́ẹ̀mù tuntun á ní kí n lọ gba tuntun, mo lọ gba tuntun, òun náà ní òun ò mọ irú káàdì yìí rí. Screen ọ̀hún jẹ́ 3072 sí 1920, tí mi ò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gẹ́ẹ̀mù á máa ta gìrì gìrì, tí mo bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gbogbo ẹ̀ á rí bàìbàì.

Ra tuntun kẹ̀? Láti M1, chip tí Apple fúnra ẹ̀ gbé jáde ní 2020, ni Boot Camp ò ti sí lórí tuntun mọ́, inú Parallels, sọ́fítíwìà tó ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ nínú macOS, ni wọ́n ti ń lo Windows ti ARM, èyí tí wọ́n ṣe fún irú chip bẹ́ẹ̀, sọ́fítíwìà tèmi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ARM sétí. Windows 10 tó wà lórí tèmi náà, October 14, 2025 ni wọ́n jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀, Windows 11 ní chip ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 lòun ń wá, kò rí i níbí.

Ẹni tó bá tún ní kí n dín brightness kù, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Mo ti dín in kù débi pé ojú ara mi ni mò ń rí nínú screen.