Èsì wa lórí bọ́tìnì fóònù àwọn éjẹ́ǹtì àti ti alábòójútó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn fóònù Avaya tí a tò sí ọ́fíìsì yín ní Wuse. Inú wa dùn pé gbangba ni ẹ kọ ọ́ sí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà sílẹ̀ ní Abuja yóò béèrè ohun kan náà. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni ẹ fún wa, ẹ ní fóònù máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan títí éjẹ́ǹtì, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìpè, yóò fi tẹ bọ́tìnì kan, ẹ sì ní fóònù alábòójútó ní bọ́tìnì tí ti àwọn tó kù kò ní, nígbà tó jẹ́ pé iye kan náà ni ẹ san lórí gbogbo wọn.

Fóònù tó ń dákẹ́ yẹn kò bàjẹ́ rárá. Manual-In ni àwọn éjẹ́ǹtì yín fi ń ṣiṣẹ́: bí ìpè bá ti parí, ẹ̀rọ tó ń darí ìpè á gbé éjẹ́ǹtì sí ipò After Call, níbi tí ìpè kò ti ní wọlé fún un, kí ó lè ráyè kọ àròyé oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ bọ́tìnì láti gba ìpè mìíràn. Bí ó bá jẹ́ Auto-In ni, ìpè ẹni tó wà lórí ìlà á wọlé lójú ẹsẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ bá ti parí, èyí sì dára níbi tí àwọn ènìyàn kàn ń béèrè iye owó ọjà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ẹ kọ sí wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àròyé kan tán kí ó tó gba òmíràn, ìdí nìyẹn tí a fi yan Manual-In. Bọ́tìnì méjèèjì lè wà lórí fóònù kan náà bí ẹ bá fẹ́, a ó sì ṣe é láìgba owó.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tẹnu mọ́ fún àwọn éjẹ́ǹtì ni AUX, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwọn kò sí lórí ìjókòó. Ẹni tó bá dìde lọ kí ìrun Jímọ̀ láìtẹ AUX, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé kò sí lórí ìjókòó, ìpè á sì máa dún lórí tábìlì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lóòótọ́, a ti ṣètò pé bó bá dún títí tí a kò gbé e, kí ẹ̀rọ fa ìpè náà padà sórí ìlà kí ó sì gbé éjẹ́ǹtì náà sí AUX, ṣùgbọ́n ẹni tó pè á ti dúró lásán. Kóòdù tó ń sọ ìdí tí éjẹ́ǹtì fi wà ní AUX wà fún ìrun, fún oúnjẹ àti fún ìpàdé.

Ní ti alábòójútó, bọ́tìnì Service Observing ń jẹ́ kí ó gbọ́ ìpè tó ń lọ lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Bó bá tún un tẹ̀, ó lè dá sí i. Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò yẹ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, pàápàá nísinsìnyí tí òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti wà ní Nàìjíríà. Nítorí náà ni a fi ní kí ohùn tó ń kí ẹni tó pè sọ fún un pé a lè máa gbọ́ ìpè rẹ̀. Bọ́tìnì Q-Calls méjì tó wà lórí fóònù alábòójútó, tó ń fi hàn pé ìpè ń dúró, jẹ́ ti ìlà Háúsá àti ti Gẹ̀ẹ́sì: iná wọn á tàn bí ẹnìkan bá ń dúró, á máa ṣẹ́jú bí iye àwọn tó ń dúró bá kọjá ààlà tí ẹ fún wa. Éjẹ́ǹtì náà ní bọ́tìnì Assist tirẹ̀, tó fi ń pe alábòójútó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, tí oníbàárà á sì dúró díẹ̀ lórí ìlà.

Iye owó kan náà ni nítorí pé fóònù kan náà ni. Inú ẹ̀rọ tó ń darí ìpè ni a ti ń yan bọ́tìnì, kì í ṣe inú fóònù. Bí ẹ bá gbé éjẹ́ǹtì kan ga di alábòójútó lọ́la, ẹ kò ní ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ní Sátidé tí ìpè kò pọ̀. Ẹ bá wa pe alábòójútó yín àti éjẹ́ǹtì kan láti ìlà kọ̀ọ̀kan, kí a lè yí bọ́tìnì tó bá yẹ padà níṣojú wọn.