Ẹ má sọ ìwé ìtàn inú àpótí nù

Ẹnì kan ra àpótí eré ogun orí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bá ìwé ìtàn àwọn ìjà tí èèyàn lè jà nínú rẹ̀, ó wá béèrè ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ògbólógbòó kan dá a lóhùn pé: "Fi ìwé ìtàn yẹn sílẹ̀ jàre, ti ọmọdé ni. Òfin ni kó o lọ kà." Làwọn èèyàn bá ń tẹ láìkì sí i!

Ti ọmọdé kẹ̀? Irú ìmọ̀ràn yìí ló lé mi sá nídìí eré náà. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí sídìí tábìlì kó gbogbo ọmọ ogun inú àpótí jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tò wọ́n lọ súà, ó ní ó yá. Mo ju dáìsì, ó ní kò tíì kàn mí. Mo fa téèpù, ó ní ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n kọ́ nìyẹn. Wákàtí mẹ́ta gbáko! Mo pàdánù, mi ò sì mọ ohun tí mo pàdánù: ṣé afárá ni àbí ìlú? Kí làwọn tá à ń bá jà ṣe fún wa? Ó lé lọ́dún kan kí n tó tún fọwọ́ kan dáìsì.

Nígbà tó wá kàn mí láti kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Memoir '44 ni mo gbé jáde, eré orí tábìlì tó dá lórí Ogun Àgbáyé Kejì, ìjà àkọ́kọ́ inú ìwé rẹ̀ la sì jà: Pegasus Bridge, afárá kan nílẹ̀ Faransé. Òun ló mú Jámánì. Bó ṣe rí i pé káàdì tí òun yóò fi máa pàṣẹ fún ọmọ ogun òun kò tó tèmi, ó figbe ta: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ń rẹ́ mi jẹ!" Mi ò dá a lóhùn. Ìtàn náà ni mo ṣí: òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Major John Howard ṣáájú balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá nínú ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, làwọn ẹ̀ṣọ́ Jámánì ò bá tètè fura. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Àṣé torí pé wọ́n ká wọn mọ́ àìmúra ni káàdì mi ṣe kéré?"

Ó tán! Òfin tí mi ò tíì kà sí i létí ti yé e. Nígbà tó gbọ́ pé dáìsì mẹ́ta ni ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ń jù bí ọ̀tá bá wà ní ilé (ojú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín pátákó eré sí) tó kàn án, pé ẹyọ kan péré ni bó bá di ilé mẹ́ta, kò tilẹ̀ janpata mọ́.

Àtifi ìtàn ti òfin lẹ́yìn kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1913 tí H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, tẹ òfin eré ogun tirẹ̀ jáde, ó ròyìn odindi ìjà kan mọ́ ọn, Hook's Farm, bí ọ̀gágun tó ń fọ́nnu. Ẹ̀yin ògbólógbòó, ẹ ní ìjà inú ìtàn kì í dọ́gba, pé kò sí póńtì níbẹ̀, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ọmọ ogun kí ìhà méjèèjì lè bára mu. Ẹ máa gbé póńtì yín lọ.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú ṣá. Oṣù tó kọjá, mo gbé àpótí mìíràn jáde, èyí tó jẹ́ pé póńtì la fi ń yan ọmọ ogun. Ọmọ náà wo tábìlì títí. "Kí làwọn wọ̀nyí ń wá níbẹ̀?" Mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ pa tẹnìkejì tán ló borí. "Kò wá ní ìtàn?" Mo ní kò ní. Ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Ẹ bá mi wò ó, kò padà wá.

Bóyá ohun tí ògbólógbòó yẹn ń sá fún nìyẹn. Mo ti ń gbìyànjú láti hun ìtàn fún àwọn ọmọ ogun náà, kí n lè fi pè é padà. Mo ti fún wọn ní odò, mo ti fún wọn ní òru. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.