Kámẹ́rà kọ́ ló ń pa bátìrì yín

Ẹ yà sọ́dọ̀ ríwáyà èyíkéyìí láti Lágéré dé Sábó, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ so dashcam, ìyẹn kámẹ́rà kékeré tó ń ya fídíò láti inú mọ́tò, mọ́ wáyà mọ́tò, kó lè máa ṣọ́ ọ lóru. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Ọ̀gá mi, ẹ má dán an wò o. Á fa bátìrì yín gbẹ. Tó bá di àárọ̀, títì lẹ ó máa ti mọ́tò." Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa mi orí. Ní Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé ẹni tó fi owó gidi ra kámẹ́rà á máa fa wáyà rẹ̀ kọ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bí ìfun adìyẹ, á sì kì í bọ ihò síga láítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ mọ́tò tó wà lórí ìdúró kì í sábà fà ju nǹkan bí 0.3 amp lọ. Ká ní ẹ páàkì ní agogo méje alẹ́, ẹ tún jáde ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Wákàtí 11 nìyẹn, iná tó jẹ kò ju amp-hour 3.3 lọ (ìyẹn amp tó ń fà lọ́nà iye wákàtí) nínú bátìrì tí wọ́n kọ 60 Ah sí lára. Kò pé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ tó wakọ̀ dé Iléṣà, alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ti dá a padà. Iná iwájú méjèèjì tí ẹ bá gbàgbé láti pa ń fa nǹkan bí 9 amp. Bó bá fi lè tàn fún wákàtí kan péré, ó ti jẹ ju ohun tí kámẹ́rà jẹ lóru méjì lọ. Síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ká yọ iná iwájú dànù.

Kí ló wá ń pa bátìrì? Tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wa. Bátìrì tó ti gbó lè fi 12.6 volt hàn lójú mítà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáájì rẹ̀ tán, kó sì jẹ́ pé àyè tí iná ń gbé nínú rẹ̀ kò ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tó kàn ń lọ láti Mayfair sí géètì yunifásítì tó ń bọ̀, tí éésì ń ṣiṣẹ́, tí áńpù orin ń dún lábẹ́ síìtì: ìgbà wo ni bátìrì fẹ́ yó? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ yọ kámẹ́rà náà pátápátá lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ fi mítà wọn bátìrì kí ẹ tó sùn àti kí ẹ tó sítáàtì láàárọ̀. Bó bá bọ́ láti 12.6 sí 12.2 láìsí kámẹ́rà, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bá wí.

Yàtọ̀ síyẹn, àpótí kékeré tó máa ń wà lára wáyà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ń ṣọ́ bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé tí iná bá ti lọ sílẹ̀ dé 12.2, tàbí 12.0, kó pa kámẹ́rà. Bátìrì tí ara rẹ̀ bá dá ṣì máa sítáàtì mọ́tò ní 12.2. Tí tiyín kò bá lágbára mọ́, 12.4 ni kí ẹ fi sí.

Wọn ò ṣàdédé máa bẹ̀rù ṣá o. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é ni ìbẹ̀rù ti wá. Wọ́n á họ ara wáyà kan tí wọn ò mọ ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n á lọ́ tuntun mọ́ ọn, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e. Bí ooru bá mú téèpù náà, á tú, wáyà á kan irin, kò sì sí fíúsì tó máa já. Ibẹ̀ ni iná ti ń sọ.

Èyí tó yẹ kò ní kí ẹ gé wáyà kankan. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla tó kún ìgboro yìí, àpótí fíúsì wà lápá òsì dírẹ́bà, nítòsí orúnkún. Ẹ ó ra ohun kékeré kan tó ní ojú fíúsì méjì. Ẹ fa fíúsì mọ́tò yọ, ẹ kì í bọ ojú kan, ẹ fi fíúsì kékeré ti kámẹ́rà, 2 amp tàbí 3, sí ojú kejì, ẹ wá tì í padà sí ihò tí ẹ ti fa ti àkọ́kọ́ yọ. Wáyà mẹ́ta ni ti kámẹ́rà ní. Pupa, ẹ so ó mọ́ fíúsì ibi tó ń kú tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, bíi síga láítà. Yẹ́lò, ibi tí iná ń wà nígbà gbogbo, bíi iná òrùlé. Dúdú, ẹ dè é mọ́ nọ́ọ̀tì tó wọ irin ara mọ́tò, kì í ṣe èyí tó wọ rọ́bà. Ẹ má fọwọ́ kan fíúsì airbag tàbí ti bíréèkì. Bí airbag bá sì wà nínú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gba wáyà kọjá, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Àṣìṣe tó ń jẹ iná jù ni kí wọ́n so pupa àti yẹ́lò pọ̀ síbi tí iná ò ti ń kú. Kámẹ́rà á máa rò pé ẹ ṣì ń wakọ̀, á máa ya fídíò tokuntokun mọ́jú. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó ṣọ́ mọ́tò lóru, ẹ so àwọn méjèèjì síbi tí kọ́kọ́rọ́ ń darí. Kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde, kámẹ́rà náà ti kú nìyẹn.